Àgbo Ibà àti Ìpàárà Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ àgbo ibà ni mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ẹnìkan ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí ó jókòó sí, ó ń wí pé, "Kí ni tíṣà mọ̀ nípa àgbo?" Ẹ jẹ́ kí ó máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá tilẹ̀ bú mi, n kò kúkú ní gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ oríta Àtàn-Ọ̀tà, níbi tí ọ̀nà Lùsádà àti Àgbárá ti yà kúrò lára títì tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò, ẹ mọ bí ibẹ̀ ti ń rí ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ń bọ̀, àwọn tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ń lọ. Láàrin wọn ni ìyá alágbo dúró sí pẹ̀lú ìgò rẹ̀ nínú abọ́: ti ibà, ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ẹ̀yìn dídùn. Ọkùnrin kan yóò dúró, yóò ní kí ó bu ti ibà fún òun. Yóò gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, yóò fajú ro, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, yóò sì wọ ọkọ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó kọ́ ilé-iṣẹ́ kankan sí àgbègbè Ọ̀tà, nígbà tí ó jẹ́ pé oko ni gbogbo ibẹ̀, tí àwọn Àwórì ń já ewé lẹ́yìnkùlé ara wọn.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ọjà náà ni ọ̀rọ̀ òyìnbó kan. Ẹ ó rí i lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn ní ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni antioxidant. Wọ́n ní àgbo ní i nínú, nítorí náà ó ń wo ibà. Èmi gbà pé ó wà nínú àgbo. Ṣùgbọ́n "nítorí náà" yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀mí ọmọdé so mọ́ ọn.

Kí ni ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ mú àdá tí a fi ṣiṣẹ́ lóko. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú ìrì ní alẹ́ méjì mẹ́ta, ìpàárà yóò mú un, a ó ní ó dógùn-ún. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ àti omi ni ó para pọ̀ jẹ irin náà. Ẹ tún mú iṣu tí a gé sílẹ̀ tí a kò tíì sè. Kò ní pẹ́ tí ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn yóò fi pọ́n, tí yóò sì máa dúdú lọ. Ọ́síjìn kan náà ni. Òun ni a ń mí sínú, tí a kò lè wà láàyè láìsí i, òun náà ni ó sì ń ba nǹkan jẹ́ bí ó bá bọ́ sí ibi tí kò yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú iṣu náà ní kété tí a gé e, yóò pẹ́ kí ó tó pọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè dán an wò lọ́la bí ìyá yín bá fún yín ní ègé iṣu kékeré kan.

Nínú ara wa náà, irú ìpàárà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí oúnjẹ bá ń di agbára, ọ́síjìn díẹ̀ a máa yapa, a di oníjàgídíjàgan, a máa bu ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí rẹ̀ jẹ bí ajá dìgbòlugi. Ara ní àwọn ọlọ́pàá tí ń mú un. Díẹ̀ nínú wọn, ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn ń bá oúnjẹ wọlé, láti inú èso, láti inú ẹ̀fọ́, àti láti inú epo pupa wa. Gbogbo wọn ni òyìnbó pa pọ̀ tí ó ń pè ní antioxidant. Èmi yóò máa pè wọ́n ní adènà-ìpàárà, kí ahọ́n wa lè sinmi.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ewé kan ní i? Ọ̀nà kan wà tí ó gbajúmọ̀ ní ilé ìwádìí, tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Blois kọ nípa rẹ̀ ní 1958. Omi kan ni wọ́n ń pò tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àlùkò. Bí a bá kán omi ewé sí i, tí adènà-ìpàárà sì wà nínú ewé náà, àwọ̀ àlùkò yóò parẹ́, omi náà yóò pọ́n bí ìyeyè. Ó dùn ún wò, ó yá, kò sì náni lówó púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn ọmọ yunifásítì fi ń ṣe é ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ewé tí wọ́n ti dán wò bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ lọ súà. Ewé dòńgóyárò yóò sọ omi náà di ìyeyè. Efínrín yóò ṣe bẹ́ẹ̀, èèpo igi mọ́ngórò yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Tíì inú páálí tí ẹ ń mu pẹ̀lú búrẹ́dì yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Obì tí àwọn àgbà ń jẹ yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ a ti rí ẹni tí ó fi búrẹ́dì àti tíì wo ibà? Omi inú ìgò kò ní ibà lára. Ohun tí ó sọ fún wa kò ju pé ewé yìí lè dènà ìpàárà lọ. Kò sọ ohun tí ewé náà yóò ṣe fún kòkòrò tí ó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Kòkòrò náà ni kí a wá yà sí báyìí. Abo ẹ̀fọn tí a ń pè ní Anopheles ni ó ń gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Orúkọ èyí tí ó burú jù, tí ó sì wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, ni Plasmodium falciparum. Yóò kọ́kọ́ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà yóò wọ inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, yóò máa jẹ èròjà pupa tí ó wà níbẹ̀, yóò máa pọ̀ sí i, títí hóró náà yóò fi bẹ́ ní nǹkan bí wákàtí 48, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò tú jáde wọ inú hóró mìíràn. Ìgbà tí hóró wọ̀nyí bá ń bẹ́ ni ara ń gbóná, tí òtútù ń mú wa nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tí eyín ń lu ara wọn.

Ẹ wá fi etí sílẹ̀ dáadáa. Irin wà nínú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Irin gan-an ni, irú èyí tí ń dógùn-ún. Bí kòkòrò ti ń jẹ èròjà náà, irin rẹ̀ ni ó ń ṣẹ́kù bí egungun nínú ọbẹ̀, májèlé sì ni ó jẹ́ fún kòkòrò fúnra rẹ̀. Kòkòrò gbọ́n: ó ń dì í jọ di òkúta wẹ́wẹ́, àwọn tí ń fi awò wo ẹ̀jẹ̀ sì ń rí òkúta náà bí èérú dúdú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ a máa bí ọ́síjìn oníjàgídíjàgan. Hóró ẹ̀jẹ̀ funfun, tí í ṣe ọmọ-ogun ara, náà ń tú irú ọ́síjìn bẹ́ẹ̀ lu kòkòrò bí ẹni ń yìnbọn. Nítorí náà ara ẹni tí ibà ń ṣe dà bí ilé tí a ti ń yìnbọn fún olè. Ọta ń ba olè, ó ń ba onílé, ó ń ba ògiri.

Ẹni tí ó bá ní kí a gbé apata fún onílé, òtítọ́ ni ó sọ. Ibẹ̀ ni ìwàásù àwọn tí ń polówó adènà-ìpàárà máa ń parí sí, kò sì burú títí débẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé inú ilé ni olè wà. Apata tí a bá gbé wọlé, olè lè sá sẹ́yìn rẹ̀.

Ìbàdàn níhìn-ín ni wọ́n ti rí i kedere. Èròjà kan wà nínú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tí ń jẹ́ G6PD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi agbára fún àwọn adènà-ìpàárà inú hóró náà. A ń bí àwọn ènìyàn kan láìní i tó. Láàrin àwọn ọkùnrin Yorùbá, wọ́n ju ẹni 1 nínú 10 lọ. Àwọn obìnrin kan sì wà tí oríṣi hóró méjèèjì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí ó ní i tó àti èyí tí kò ní i tó, bí ìgbà tí ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa bá wà nínú agbọ̀n kan. Ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Usanga àti Reddy, wo ẹ̀jẹ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà ń ṣe. Wọ́n rí i pé kòkòrò pọ̀ nínú hóró tí ó ní G6PD tó ju inú èkejì lọ, ní ìlọ́po 2 dé ìlọ́po 80. Obìnrin kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ẹ̀fọn kan náà! Hóró tí ó mọ bí a ti ń dènà ìpàárà ni ó tu kòkòrò lára. Èyí tí kò lè dènà rẹ̀ di ilé gbígbóná fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, kí n tó kọjá: àwọn ọmọ tí kò ní G6PD tó yìí kan náà ni kánfọ̀ funfun roboto tí a ń fi sáàrin aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn bàjẹ́, kí ojú wọn sì pọ́n bí ìyeyè ní ọjọ́ díẹ̀ tí a bí wọn. Ẹ má ṣe fi í sínú aṣọ ọmọ tuntun.

Ó kù ohun kan tí ó tún jù ú lọ, a ó sì rìn jìnnà díẹ̀ kí a tó rí i. Oògùn ibà tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn ní Ọ̀tà lónìí, láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti wá, ara ewé ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Ní 1967 ni ìjọba ilẹ̀ náà kó àwọn onímọ̀ jọ kí wọ́n wá oògùn ibà tuntun, nítorí pé chloroquine kò ran kòkòrò mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Tu Youyou wà lára wọn. Ó ń yẹ ewé àwọn àgbà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dé orí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní qinghao. Nígbà mìíràn yóò ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn kò ní ṣiṣẹ́. Ó padà sídìí ìwé oníṣègùn àtijọ́ kan, Ge Hong, tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí bàbá náà kọ ni pé kí a rẹ ìkúnwọ́ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Kò ní kí a sè é! Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé àgbo sísè yàtọ̀ sí èyí tí a rẹ sínú omidùn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Iná ni ó ń ba oògùn náà jẹ́. Ní 1971, Tu Youyou fi ohun olómi kan tí ń hó lórí ooru kékeré fa oògùn náà jáde, ó sì ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni artemisinin. Ní 2015 wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá. Ní 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi oògùn tí ó ti ara rẹ̀ wá, tí a pò mọ́ òmíràn, rọ́pò chloroquine.

Báwo ni ó ṣe ń pa kòkòrò? Nínú artemisinin, ọ́síjìn méjì so mọ́ ara wọn bí ìbọn tí a ti kì sílẹ̀. Nígbà tí ó bá pàdé irin tí kòkòrò tú sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìbọn náà yóò yìn, yóò sì jó kòkòrò níbi tí ó ti ń jẹun. Ṣé ẹ rí i? Iná tí à ń ní kí adènà-ìpàárà máa pa ni dókítà fi ń pa kòkòrò. Ẹni tí ó dáná sun pápá láti lé ejò, kò yẹ kí ó tún máa bu omi tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Orville Levander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán irú rẹ̀ wò lára eku, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1989. Fítámì E jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adènà-ìpàárà tí ó lágbára jù. Lára àwọn eku tí wọ́n gba fítámì E lẹ́nu wọn, oògùn Ṣáínà náà ṣiṣẹ́ ju lára àwọn tí ń jẹ ẹ́ lọ. Eku ni wọ́n, mo mọ̀. N kò wí pé ife àgbo kan ní oríta Àtàn yóò sọ oògùn ilé ìwòsàn di omi lásán. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó ń kígbe pé àgbo òun kún fún adènà-ìpàárà, tí ó sì ní kí ẹ lò ó pọ̀ mọ́ oògùn dókítà kí ó lè "túbọ̀ ṣiṣẹ́," kò mọ ohun tí ó ń pò pọ̀.

Ṣé àgbo kò wúlò nígbà náà? Ẹ má ṣe gbọ́ ohun tí n kò sọ. Nínú ewé wa, ohun mìíràn wà tí kì í ṣe adènà-ìpàárà, òun sì ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ń wá kiri. Dòńgóyárò, tí kì í tilẹ̀ ṣe igi tiwa, tí ó jẹ́ pé láti apá Íńdíà ni ó ti wá, ní èròjà kíkorò tí ń jẹ́ gedunin, ó sì ń pa kòkòrò ibà nínú ìgò ìwádìí. Èèpo igi tí àwọn eléwé ọmọ ń pè ní dókítà igbó, àwọ̀ ìyeyè tí ń bẹ lára rẹ̀, ti àwọn èròjà tí ó jẹ́ ìbátan berberine ni. Orúwo náà ní tirẹ̀. Ní 2007, Tolu Odugbemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ orúkọ àwọn egbòogi tí wọ́n ń lò fún ibà ní Òkè-Igbó nìkan, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, jáde: oríṣi 50 ni. Ìlú kan ṣoṣo! Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ egbòogi, tí Adebajo àti Odediran wà lára wọn, mú ewé igi mẹ́rin, mọ́ngórò, ahùn, orúwo àti dòńgóyárò, wọ́n sè wọ́n pọ̀, wọ́n sì wọn ohun tí wọ́n fún àwọn eku tí kòkòrò ibà wà lára wọn. Wọ́n fi lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Látìn igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ àgbo náà lórúkọ: MAMA. Orúkọ yẹn wù mí. Wọ́n tún dán an wò pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó, lára eku, kí ẹnikẹ́ni tó dán irú rẹ̀ wò lára ọmọ ẹni. Ní Ọ̀tà pàápàá, ní Yunifásítì Covenant tí a dá sílẹ̀ ní 2002, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tọpinpin kòkòrò ibà.

Ewé kan wà tí wọ́n ti fi wo ènìyàn gan-an, tí wọ́n sì ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ewúro ni. Ní Uganda ni wọ́n ti ṣe é, Challand àti Willcox sì kọ ọ́ jáde ní 2009. Àwọn tí ibà tí kò le ń ṣe ni wọ́n fún ní omi ewúro tútù mu. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 14, nínú ẹni 100, ara ẹni 67 ti yá. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú ẹni 100 tí ara wọn yá, ẹni 32 péré ni kòkòrò tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pátápátá. Lára àwọn tí ó tán náà, nínú ẹni 100, ẹni 71 ni kòkòrò tún padà yọ sí.

Èyí ni kókó tí ó mú mi wá síwájú yín ní alẹ́ yìí. Ara lè yá, kí kòkòrò wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bàbá kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní àgbègbè Àtàn. Ó ti pé ẹni ọdún 35. Ibà ti bá a jà láìmọye ìgbà láti kékeré, ara rẹ̀ sì ti mọ ìjà náà. Bí ó bá mu àgbo ní òwúrọ̀, tí ó là á, tí ó sùn dáadáa, ara rẹ̀ yóò yá, yóò sì búra pé àgbo ni. Ó lè jẹ́ àgbo. Ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ó jà fún un, tí àgbo gba ìyìn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tí ó wà nílé kò tíì kọ́ ìjà. Bí bàbá bá bu nínú ìgò kan náà fún un, tí ó ní kí a máa wò ó títí di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni kòkòrò ń wá. Ní wákàtí 48, wákàtí 48, ni ó ń pọ̀ sí i. Ní 2023, ibà pa ènìyàn tí ó tó 597,000 ní gbogbo ayé. Bí 3 nínú 10 wọn, Nàìjíríà ni. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí 3 nínú 4 àwọn tí ó kú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Kì í ṣe pé bàbá kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ni ó fún un.

Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ náà gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni, ìṣẹ́jú 15 sí 20 kò sì ní kọjá kí ìdáhùn tó jáde. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ìbà pọ̀ ní oríṣi: òmíràn ti inú omi tí kò mọ́ wá, òmíràn ti inú àyà wá. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀fọn, wọn yóò fún un ní oògùn. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, artemether àti lumefantrine, ní mílígíráàmù 20 àti 120 nínú hóró kan. Ọmọ tí ó wúwo láti kílò 5 dé ohun tí kò tó 15 yóò lo hóró kan lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá díẹ̀, ìbáà ṣe ọmú. Ẹ fi ìyẹn wé "ìdajì ife" ti alágbo. Ìyá alágbo kò purọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ iye gedunin tí ó wà nínú ìgò òní, nítorí ewé tí a já ní ìgbà òjò kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a já ní ìgbà ọyẹ́.

Ẹ lo oògùn náà tán, bí ara ọmọ bá tilẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ fi àgbo sílẹ̀, àti ìgò fítámì tí ó ń pariwo antioxidant pẹ̀lú. Oúnjẹ kì í ṣe ọ̀tá: ẹ̀fọ́ àti ọsàn inú oúnjẹ ojoojúmọ́ kò ní ìjà. Bí ẹ bá ti fún ọmọ ní àgbo kí ẹ tó délé ìwòsàn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ewé tí ó wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì náà bá jágbe mọ́ yín, ẹ farada a, kí ẹ ṣá ti sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìjágbe ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìyá máa pa ọ̀rọ̀ àgbo mọ́ sínú, n kò sì rò pé ó bójú mu kí a máa bú ìyá tí ọmọ ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi epo tí a fún lára èso dòńgóyárò sí ọmọ lẹ́nu láé. Ní Malaysia, ó ti sọ àwọn ọmọ ọwọ́ di aláìmọ ara wọn, àwọn dókítà sì kọ ọ́ jáde ní 1981. Àgbo tí a fi ọtí líle rẹ kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti aboyún. Bí nọ́ńbà NAFDAC bá wà lára ìgò àgbo, ẹ ka ìyókù ohun tí a kọ síbẹ̀: lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí i pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùtà ń sọ wò. Bí gìrì bá sì mú ọmọ, tàbí tí kò lè mu ọmú, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí kọfí, ẹ má ṣe dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi. Ilé ìwòsàn ni, ní òru náà.

Ó tó báyìí fún àwọn àgbà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo fẹ́ rán yín níṣẹ́ kan kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ wá igi MAMA mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àdúgbò yín. Mọ́ngórò kò le. Dòńgóyárò kò le pẹ̀lú; ewé rẹ̀ ní eyín bí ayùn. Fún orúwo, ẹ bi ìyá yín àgbà, kí ẹ sì ní kí ó fi egbò rẹ̀ hàn yín, nítorí àwọ̀ ìyeyè ni ó wà nínú rẹ̀. Ahùn ni yóò dà yín láàmú. Ó ga, oje rẹ̀ funfun bí wàrà, ewé rẹ̀ sì ń yọ yíká ojú kan ṣoṣo bí ìka ọwọ́. Ẹ já ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàrin ìwé ìròyìn tí ó gbẹ, ẹ kọ orúkọ tí àwọn ará ilé yín ń pè é sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní àwọn ń fi í ṣe. Ẹni tí ó bá sì rí ahùn, kí ó ka ewé tí ó yọ lójú kan, márùn-ún ni tàbí méje tàbí mẹ́jọ, kí ó kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó dàárọ̀ o.